Bí Mo Ṣe Mú Bàbá Bepi Lọ Kí Àna Wọn ní Torino

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn òyìnbó kì í ṣe ẹ̀yàmẹ̀yà láàárín ara wọn? Ẹ̀rín ni mo fi ń dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn, kò ṣeé sọ lórí ìdúró. Mo ti jókòó wàyí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìrìn-àjò kan tí mo rìn ní ilẹ̀ Ítálì ní 1996, láti Padova títí dé Torino, pẹ̀lú bàbá arúgbó kan tí kò fẹ́ lọ. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń gé aṣọ, mo máa ń kọ́kọ́ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀ kí n tó rẹ́rìn-ín, kí n má baà fi aṣọ oníaṣọ ṣòfò.

Padova

Kí n tó dé Padova, mo rò pé gbogbo ìlú òyìnbó ló ń pariwo. Padova kì í pariwo. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà níwájú àwọn ilé ni àwọn ènìyàn ń gbà kọjá, ìyá arúgbó á gun kẹ̀kẹ́, ewébẹ̀ á máa yọrí nínú apẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni pé kó yàgò. Ìkíni wọn kì í gùn. Wọ́n á kí ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tán, wọn kò ní béèrè ọmọ, wọn kò ní béèrè ilé. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n kórìíra mi ni. Lọ́jọ́ tí ibà dá mi wó, aládùúgbò kan tí kò tíì bá mi sọ gbólóhùn méjì rí gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná sí ẹnu ọ̀nà mi, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì sá lọ kí n tó ṣí i, bíi pé olè ló wá jà.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Bepi sì ni mo wà. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún, ìyàwó wọn ti kú, ìbàdí sì ń dùn wọ́n. Gìgísẹ̀ bàtà obìnrin ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe, nínú ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ sẹ́yìn ilé. Bí obìnrin bá ń kọjá lójú títì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá máa ń wò. Kì í ṣe ti ìṣekúṣe o. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ló ṣe é ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo jẹun nílé wọn, wọ́n gbé nǹkan kan síwájú mi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń rú èéfín. Mo bù ú wò. Òkà àgbàdo ni, túwó gan-an, tí wọ́n ń pè ní polenta. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó. Mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó, mo ń retí ọbẹ̀. Mo retí títí. Wàràkàṣì ni wọ́n gbé wá. Ata kò sí nínú ilé náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún tí mo fi jẹun lọ́dọ̀ Bàbá Bepi, ahọ́n mi ń sùn ni.

Bàbá ló kọ́ mi ní èdè. Mo fi gbogbo ọkàn mi kọ́ ọ, èmi kò sì mọ̀ pé kì í ṣe èdè Ítálì ni wọ́n ń kọ́ mi, èdè àdúgbò Veneto ti wọn ni. Mo lọ sí Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àwọn àjèjì, láti béèrè ìwé ìgbélùú mi tí wọ́n ń pè ní permesso. Mo fi ẹ̀rọ̀ ṣàlàyé ara mi. Ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ la ẹnu, ó dìde, ó lọ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní ní Napoli, nílẹ̀ Gúúsù, ni wọ́n ti bí òun, àti pé èdè tí mo ń sọ yẹn, ìyàwó òun nìkan ló ń fi í bú òun.

Ohun kan ló ń dun Bàbá Bepi ju ìbàdí wọn lọ: àwọn ará Gúúsù. Láti ìdájí ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní àwa ará Àríwá ni a ń ṣiṣẹ́, àwọn ará Gúúsù ń sùn lábẹ́ igi ọsàn. Owó orí tí à ń san, Romu á gbà á, Gúúsù á ná an. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ń jà pé kí Àríwá yapa, kó di orílẹ̀-èdè tirẹ̀, Bàbá sì ta àsíá wọn sójú fèrèsé láàárín àwọn òdòdó. Orúkọ tí wọ́n ń pe ará Gúúsù ni terroni, bí ìgbà tí a bá pe ènìyàn ní ajẹyẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Ìdànrè. Inú ọ̀rọ̀ pé kòkó wa ni wọ́n fi tún ìlú oníìlú ṣe, tí àwa kò sì ní ọ̀dà lójú ọ̀nà oko, ni mo dàgbà sí. Ohun tó kàn ń dà mí lórí rú ni pé nílé, àwa là ń jẹ́ Gúúsù. Bí Bàbá Bepi bá ti ń bú Gúúsù, màá kọ́kọ́ fẹ́ bínú, kí n tó rántí pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí.

Ìpè

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá bí, Luisa. Ó lọ kàwé ní Torino, ibẹ̀ ló sì ti pàdé Nicola. Ọmọ dáadáa ni Nicola, olùkọ́ ni, àmọ́ ará Calabria ni àwọn òbí rẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ilẹ̀ Ítálì. Nígbà tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó, Bàbá ní ìbàdí ń dun àwọn. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin, ìbàdí tún ń dùn wọ́n.

Luisa máa ń pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án, nígbà tí Bàbá bá ń sùn. Lọ́jọ́ kan ó pè, ó sọ fún mi pé ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi ọmọ náà.

"Dupe, bí Papà kò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, n kò ní pè mọ́."

Kò sunkún. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Bó bá ṣe pé ó sunkún ni, ǹ bá tù ú nínú, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Mo sọ fún un pé màá mú wọn wá. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo tó ro ohun tí mo sọ. Permesso mi kù díẹ̀ kó parí, iṣẹ́ tí mo ń ṣe lọ́dọ̀ Bàbá ni mo sì fi ń gbà á. Bí wọ́n bá bínú lé mi jáde, kì í ṣe ilé wọn nìkan ni màá ti jáde.

Mo jẹ́ kí wọ́n mu kọfí tán. Mo wá sọ ọ́ fún wọn wẹ́rẹ́, mo ní Luisa pè, ìrìbọmi ọmọ wọn dé. Wọ́n ní ìbàdí. Mo ní mo gbọ́. Mo ní àmọ́ ní ilẹ̀ tiwa, bí bàbá ìyá ọmọ bá wà láàyè tí kò yọjú síbi ìkómọ, àwọn àna kì í sọ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Wọ́n máa ń sọ pé kò ní ẹ̀wù tó dáa ni.

Bàbá Bepi gbé ife kọfí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni kò ní ẹ̀wù?"

Mo ń nu tábìlì.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kóòtù dúdú ìgbéyàwó wọn ti wà lórí okùn lẹ́yìn ilé, mo ń gbọn eruku lára rẹ̀, wọ́n sì dúró tì mí, wọ́n ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ibi tí mo fò. Wọ́n ní àwọn á lọ, kí àwọn yẹn lè rí i. Wọ́n ní ṣùgbọ́n àwọn kò ní jẹ oúnjẹ wọn. Wọ́n ní kí n di búrẹ́dì àti sàlámì, ẹran gbígbẹ tí àwọn fúnra àwọn ṣe, òun làwọn á máa jẹ títí a ó fi padà. Mo dì í. Bí wọ́n bá ní kí n di àdògán pẹ̀lú, ǹ bá dì í.

Brescia

Mo ní iṣẹ́ kan láti jẹ́ lójú ọ̀nà. Èmi ni mo rán ẹ̀wù akọrin fún ìjọ wa tó wà ní Brescia, ọjọ́ Sátidé tí à ń lọ náà sì ni ìpàdé gbogbo ẹ̀ka ìjọ. Mo sọ fún Bàbá pé a ó yà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n gbà, nítorí Brescia jẹ́ ìlú tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ìlú irin ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń rìn kíákíá bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, Bàbá sì ń wò wọ́n tayọ̀tayọ̀, wọ́n ń sọ fún mi pé kí n wo bí àwọn òṣìṣẹ́ gidi ṣe ń rìn.

Ilé tí a ti ń jọ́sìn jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ irin tẹ́lẹ̀; òórùn epo ẹ̀rọ kò tíì kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí a wọlé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Díákónì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin wà lórí ìdúró, ó ń sọ̀rọ̀ lórí àpò kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń dá owó sí. Ó ní àwọn ará Brescia ló ń fi ọwọ́ gbé irin gbígbóná, àwọn kan wà ní Torino tí wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n kọrin lọ, nígbà tí owó ilé ìjọsìn bá sì tó san, àpò kan náà ni gbogbo wọn ń nawọ́ sí. Ó ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀.

Bàbá Bepi bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀. Mo rọra ń sọ ọ́ sí wọn létí ní èdè Veneto, bí mo sì ti ń sọ ọ́ ni ojú wọn ń tàn. Nígbà tí mo dé orí pé àwọn kan ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń jẹ, wọ́n lu itan wọn, wọ́n dìde, wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀lẹ̀ lọ bá díákónì, wọ́n sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Wọ́n ní ara ilé àwọn ni. Díákónì kò mọ ẹni tí òyìnbó náà jẹ́, ó sáà ń dúpẹ́.

Màmá Reggio wá dìde. Orúkọ tí a ń pè wọ́n nìyẹn, nítorí pé Reggio Emilia ni wọ́n ń gbé, ní àdúgbò ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Wọn kò pariwo.

"Díákónì," wọ́n ní, "nígbà tí o kọ́kọ́ dé, tí o kò níwèé, ilé ta lo sùn sí?"

"Ilé yín ni, Mà."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè ohun tí o mú wá?"

Díákónì họ orí. Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Àpò kan náà sì ni gbogbo ẹ̀ka ṣì jọ ń dá owó sí.

Bàbá fà mí láṣọ, wọ́n ní kí ni màmá yẹn sọ tí ọkùnrin náà fi ṣubú. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe yàtọ̀. Ẹnìkan ti gbé puff-puff síwájú wọn, wọ́n sì ti mú un jẹ kí wọ́n tó rántí pé sàlámì nìkan làwọn á jẹ. Wọ́n ní irú rẹ̀ ni ìyá àwọn máa ń dín ní Padova lásìkò ọdún. Wọ́n jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́, nítorí náà wọn kò rí àyè dá mi lóhùn.

Torino

Luisa dúró dè wá ní Porta Nuova, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Torino, ọmọ wà láyà rẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n tún kóòtù wọn ṣe, wọ́n sì na ọwọ́ sí Luisa bí ẹni tó ń kí gómìnà. Luisa gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́ dípò ìyẹn. Ọmọ náà wò wọ́n, ó yán, ó sì sùn padà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ òṣèlú kò kàn.

Ní ọ̀la rẹ̀, lẹ́yìn ìrìbọmi, a lọ jẹun ní ilé àwọn òbí Nicola ní Collegno, ní ìkángun Torino. Bàbá Rocco ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ni Mama Carmela. Bí a ti wọlé, òórùn kan kọ lù mí. Mo dúró sójú kan. Ata ni. Ata gidi, tí wọ́n sá, tí wọ́n gún, tí wọ́n fi sínú òróró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo fi í sẹ́nu, omi bọ́ lójú mi. Mama Carmela rò pé ó ta mí ni, wọ́n sáré gbé omi wá. Mo ní omi kọ́, kí wọ́n fún mi sí i. Èdè Veneto ni mo fi sọ ọ́, gbogbo tábìlì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dàwó fún ẹ̀rín.

Bàbá Bepi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí gbogbo wa jókòó tán, wọ́n fà á yọ nínú àpò kóòtù: búrẹ́dì àti sàlámì tí mo dì. Wọ́n tú u sórí aṣọ tábìlì funfun.

Luisa wolẹ̀. Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lè lanu kí n wọlé.

Mama Carmela dìde. Wọ́n gbé àwo tó dára jù nínú ilé, wọ́n mú sàlámì náà kúrò níwájú Bàbá tọwọ́tọ̀wọ̀, wọ́n gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n tò ó, wọ́n sì gbé e yí ká tábìlì. Wọ́n ń sọ fún oníkálùkù pé ẹ̀bùn àna wa láti Padova nìyí, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Kálukú mú, kálukú ń yìn ín. Bàbá Rocco mú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n béèrè irú ẹran tó jẹ́. Kí Bàbá Bepi tó ṣàlàyé tán, àwo ti ṣófo, kò sì sí oúnjẹ kankan mọ́ níwájú wọn àyàfi ti Calabria.

Wọ́n jẹ ẹ́. Kí ni wọ́n á ṣe?

Nígbà tí inú kún díẹ̀, ẹnu tú. Bàbá Bepi ní kí àna àwọn má bínú, pé ohun tí àwọn ń sọ ní Padova ni pé ará Àríwá ń ṣiṣẹ́, ará Gúúsù ń jẹ. Oúnjẹ wọn ló kún ẹnu wọn tí wọ́n fi ń sọ ọ́.

Bàbá Rocco gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi ni mo fi de ilẹ̀kùn mọ́ mọ́tò nínú ilé-iṣẹ́ ìlú yìí, ilẹ̀kùn apá òsì. Níbí ni mo ti ń san owó orí. Bí mo bá lọ sí Calabria nígbà ooru, wọ́n á ní ará Torino dé. Bí mo bá padà síbí, wọ́n á ní terrone dé. Nígbà tí ẹ bá gé ilẹ̀ náà sí méjì, Bepi, apá wo ni kí n dúró sí?"

Mama Carmela gbé oúnjẹ mìíràn wá kí ọ̀rọ̀ náà má baà le jù, ẹ sì lè bi mí ohun tó jẹ́. Pańla ni. Pańla tó rọ̀, nínú tòmátì àti ata. Bàbá Bepi wò ó, wọ́n ní ta ló ń ba pańla jẹ́ báyìí, wàrà ni wọ́n fi ń sè é. Mama Carmela ní wàrà kẹ̀? Èmi náà dá sí i, mo ní nílé tiwa, inú ẹ̀fọ́ ló ń wọ̀. Ìjà pańla yẹn le ju ti owó orí lọ, ṣùgbọ́n òun ló tú tábìlì náà sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, Bàbá Rocco ń sọ bí àwọn ṣe dé Torino lọ́dọ̀ọ́, tí àwọn rí páálí lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé pé wọn kò fi yàrá háyà fún ará Gúúsù.

Bàbá Bepi ń wo inú àwo wọn. Wọ́n ní, "Kí ẹ̀yin tó dé, àwa ni."

Luisa béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Wọ́n wá sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fa ẹ̀gún yọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ebi wà ní Veneto. Bàbá sá wá sí Torino, wọ́n ń ru bíríkì. Ibùsùn kan ni àwọn méjì ń pín: bí ọ̀kan bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, èkejì á dìde kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Páálí tó wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn, ará Veneto ló dárúkọ.

"Papà," Luisa ní, "iṣẹ́ ológun lẹ sọ fún mi pé ẹ wá ṣe níbí."

"Irọ́ ni," Bàbá dáhùn. "Ojú ló ń tì mí."

Bàbá Rocco bu pańla sí i fún wọn.

San Salvario

Lẹ́yìn kọfí, èmi àti Luisa ń fọ abọ́. Nígbà tí a máa fi jáde, àga àwọn bàbá méjèèjì ti ṣófo. Nicola ní òun gbọ́ tí bàbá òun ń béèrè orúkọ òpópónà tí ilé tí Bàbá Bepi gbé nígbà náà wà. Luisa ní wọ́n á ti sọnù. Èmi, ìbàdí ni mo ń rò.

A wọ ọkọ̀ lọ sáàárín ìlú, a sì wá wọn dé San Salvario, àdúgbò tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tó jẹ́ pé àwa àjèjì ló pọ̀ níbẹ̀ jù nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù oníṣu kan wà níbẹ̀, ibi tí a ti ń fowó ránṣẹ́ sílé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ìdirun kan sì tẹ̀ lé e. Mo wo inú ilé ìdirun náà láti ojú gíláàsì. Bàbá Bepi àti Bàbá Rocco ló jókòó lábẹ́ ẹ̀rọ amúrungbẹ méjì, tí kálukú mú ìgò mọ́ọ̀tì lọ́wọ́, tí wọ́n ń na ìka sí ara wọn. Àwọn obìnrin tó ń di irun ti fi irun sílẹ̀, wọ́n ń wòran.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, Fúnkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, rí ojú mi, ó sì mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ni wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó wọn. Wọ́n ní kí n dájọ́ ẹni tó jìyà jù nínú àwọn, n ò sì gbọ́ ju ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ lọ."

Ilé tí Bàbá gbé nígbà náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an. Wọ́n fẹ́ kí n rí i. Gbogbo wa jáde. Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sí fèrèsé òkè fún mi, wọ́n darí rẹ̀ wálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì dúró. Páálí kan wà lára ilẹ̀kùn náà. Ó ní yàrá wà, kì í ṣe fún àjèjì. Fúnkẹ́ ní òun ti béèrè níbẹ̀ rí, páálí yẹn ni wọ́n nawọ́ sí fún òun.

Bàbá Bepi yíjú sí mi. "Dupe, ṣé wọ́n ti ṣe irú èyí sí ìwọ náà rí?"

Mo ní, "Ní Padova, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Ọdún tí mo fi ń wẹ̀ wọ́n, tí mo fi ń bọ̀ wọ́n ní ìbọ̀sẹ̀, wọn kò béèrè rí, èmi náà kò sì sọ. Wọ́n wo páálí náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbé ọ̀pá sókè. Bàbá Rocco dì wọ́n mú ní ìgbáròkó kí wọ́n má baà ṣubú, Bàbá Bepi sì fi ọ̀pá gbá páálí náà, ó já, wọ́n tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan yọrí lójú fèrèsé òkè, ó ń pariwo pé òun ń bọ̀ wá bá wọn.

Wọ́n sá. Mo ní kí n tún un sọ kí ẹ lè gbà mí gbọ́: àwọn bàbá méjèèjì sá. Kóòtù dúdú ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn Bàbá Bepi, Bàbá Rocco dì wọ́n lápá, Luisa ń sá tẹ̀ lé wọn, ọmọ ń bú sẹ́rìn-ín láyà rẹ̀, èmi àti Fúnkẹ́ di ara wa mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, a kò lè mira fún ẹ̀rín. Nígbà tí mo bá wọn ní igun òpópónà, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n ń mí gúlegúle, ojú wọn pọ́n, inú wọn sì ń dùn bíi ti ọmọ iléèwé tó fo ògiri jáde. Mo béèrè nípa ìbàdí. Wọ́n ní ìbàdí wo?

Ìpadàbọ̀

Ẹ má retí pé kí n sọ pé Bàbá Bepi di ẹlòmíràn. Kí ọkọ̀ wa tó kọjá Brescia, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú Romu. Àsíá náà ṣì wà láàárín àwọn òdòdó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò permesso mi tó, wọ́n wọ kóòtù dúdú yẹn, wọ́n sì tẹ̀ lé mi lọ sí Questura fúnra wọn. Ọlọ́pàá ará Napoli yẹn ló dá wa lóhùn. Òun àti Bàbá jọ sọ̀rọ̀ pańla títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi ń kùn, èmi sì gba ìwé mi.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, aládùúgbò wa kan, ọkùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú náà, wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn fẹ́ kó ọkọ̀ lọ síbi ìwọ́de ńlá kan lọ́jọ́ Àìkú, pé àyè Bàbá wà níwájú. Bàbá ní àwọn kò ráyè, Torino làwọn ń lọ.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn terroni yẹn?

"Ọ̀dọ̀ àna mi," Bàbá dáhùn.

Ó ní ṣebí Bàbá ló máa ń sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀lẹ ni ará Gúúsù, pé wọ́n ń jẹ òógùn àwọn. Mo wà lẹ́yìn Bàbá Bepi, mo mú fìlà wọn lọ́wọ́.

"Àwọn tí mo ti bá jẹun kì í ṣe ọ̀lẹ," wọ́n ní.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"N kò tíì bá àwọn yòókù jẹun."

Wọ́n gba fìlà wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rọra ti ilẹ̀kùn.